Kí Ilẹ̀kùn Ilé Ìtajà Tó Di Títì

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Bàbá Akínlàjà, aṣọ́nà ilé ìtajà alájà mẹ́ta kan tó ti di ahoro, mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ yóò wó ilé náà lówùúrọ̀ ọ̀la. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìsinmi nìkan ló wù ú. Síbẹ̀, ó ké sókè gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀ láti ayé ẹ̀dínwó Kérésìmesì, nígbà tí èrò máa ń kún òpópónà iwájú rẹ̀ fọ́fọ́: "Ṣé ó ku oníbàárà?" Bí ẹnikẹ́ni bá dáhùn, aṣọ́nà kò gbọdọ̀ tilẹ̀kùn.

"Bàbá, àbí àwọn eku ń ra bàtà ni?" ni Mosúnmọ́lá ọmọ rẹ̀, tó wá mú un lọ sílé, wí.

"Iṣẹ́ ni, ìwọ ọmọ yìí."

Ohùn obìnrin kan dáhùn láti àjà kẹta, níbi tí Bàbá Kérésì ti máa ń pín ẹ̀bùn, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ti wó tipẹ́: "Ẹ ní sùúrù, bàbá. Ó ku díẹ̀ kó kàn wá."

Ìró bàtà ọmọdé púpọ̀ sún síwájú lẹ́ẹ̀kan bí èrò orí ìlà, ó sì dúró.

"Ẹ tilẹ̀kùn, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Mosúnmọ́lá wí.

Arúgbó náà mí kanlẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà.