Òdòdó Tí Ṣẹ̀fíátù Lẹ̀ Mọ́ Ojú

Ṣẹ̀fíátù, ìyàwó Gàníyù oníṣòwò obì ní Ìwó, kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ tó bá bí i nínú. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n èébú ọjọ́ pípẹ́ ṣì ń dùn ún bíi pé àná ni.

Ní ọdún 1985, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé ní Ìbàdàn máa ń fi bébà kan ránṣẹ́ sí i. Bébà náà ń dán, òdòdó, labalábá àti lẹ́tà ABD wà lára rẹ̀. Èèyàn á gbé e lé ojú ìwé, á fi ìdí bírò pa á lẹ́yìn lọ, pa á bọ̀. Tó bá ṣí bébà, òdòdó ti lẹ̀ mọ́ ibi tó fẹ́, kò sì ṣeé ṣí mọ́. Ṣẹ̀fíátù fi ṣe álíbọ́ọ̀mù fọ́tò ilé wọn lọ́ṣọ̀ọ́ débi pé àwọn aládùúgbò ń wá wò ó. Alábàárù ni mí ní gáréèjì nígbà náà, èmi ni mo ń ru obì ọkọ rẹ̀. Èmi náà wò ó, ó wù mí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́, òdòdó ni yóò lẹ̀ mọ́ onítọ̀hún lójú nínú fọ́tò. Àbúrò ọkọ tí kò kí i dáadáa, òdòdó. Obìnrin tó bá a jà nídìí omi ẹ̀rọ, labalábá.

Àbẹ̀ní, ìyàwó kékeré, ló bí i nínú jù. Sàrátù, ọmọ kan ṣoṣo tí Ṣẹ̀fíátù bí, ṣì kéré, Àbẹ̀ní ló sì fẹ́ràn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń sùn, ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń jẹun. Ọmọ náà ń bẹ̀rù iná kámẹ́rà. Tó bá ti rí oníyàwòrán, ẹkún ni. Ọjọ́ Iléyá nìkan ló dákẹ́, nítorí orí itan Àbẹ̀ní ló wà, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ọmọ náà ní láyé nìyẹn.

Ṣẹ̀fíátù wá òdòdó pupa tó tóbi jù lọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ Àbẹ̀ní lójú. Ó bo ojú ọmọ mọ́ ọn. Gàníyù béèrè bóyá kò rí i pé ó ti pa ojú ọmọ rẹ̀ rẹ́ ni.

“Ọmọ mi wà nílé,” ni Ṣẹ̀fíátù wí. “Bí mo bá fẹ́ rí i, màá pè é.”

Nígbà tí Àbẹ̀ní rí i, ó kúnlẹ̀. “Ìyáálé mi, kí ni mo fi ojú mi ṣe yín?”

Ṣẹ̀fíátù ní òdòdó náà tiẹ̀ sàn ju ojú ọ̀hún lọ. Àbẹ̀ní palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Kuta.

Sàrátù sunkún títí. Lọ́jọ́ ọjà kan, ó yọ́ jáde nílé. Wọ́n ní ọmọbìnrin kékeré kan ń béèrè mọ́tò Kuta ní gáréèjì. Mọ́tò tó wọ̀, a kò mọ̀ ọ́n. Kò dé Kuta.

Àwọn awakọ̀ ní kí wọ́n mú fọ́tò ọmọ wá, àwọn yóò gbé e dé Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin. Oníyàwòrán tó yà á ti kó kúrò nílùú, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà. Ṣẹ̀fíátù mú abẹ, ó ń rọra họ òdòdó náà. Bí òdòdó ti ń ṣí ni ojú ọmọ ń bá a ṣí, títí ó fi ku funfun. Ó gbé e wá sí gáréèjì bẹ́ẹ̀. Oyèdèjì, àgbà awakọ̀, yẹ̀ ẹ́ wò.

“Ìyá Sàrátù,” ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, “ta ni kí a máa béèrè? Ọrùn àti ìlẹ̀kẹ̀ nìkan ló kù síbí.”

Àbẹ̀ní ló wá a jù. Ó fi ẹsẹ̀ rìn dé Olúpọ̀nnà àti gbogbo abúlé tó wà lọ́nà, ó ń fi ẹnu júwe ọmọ ọlọ́mọ. Wọn kò rí i.

Nígbà tí mo tún gba Ìwó kọjá, ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí mo ti kúrò níbẹ̀, Ṣẹ̀fíátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ọmọbìnrin tó bá ń kọjá, á ní kó yíjú wá. Á wò ó títí, á ní kó máa lọ. Obìnrin tí kì í gbàgbé ọ̀rọ̀, ó ti gbàgbé ojú ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ fi kọ́gbọ́n. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ fún un lójú, kí ó tán síbẹ̀. Ẹ má fi ìbínú ṣe ohun tí kò ṣeé tún ṣe. Kí ẹ sì tó pa ojú ẹnikẹ́ni rẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó sórí itan rẹ̀.