Bátìrì Tí Wọ́n Fi Ọwọ́ Wọ̀n

Ẹ bá mi ka ìtàn yìí dé ìlà tó kẹ́yìn o, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ oníná. Àwọn kan tó ń ta bátìrì ti ní kí n pa á rẹ́, wọ́n ní mò ń ba ọjà àwọn jẹ́. Mi ò pa á rẹ́. Ẹni tí inú bá ń bí, kó lọ mu omi tútù.

1.
Ìjì ni wọ́n ń pè é, torí eré tó máa ń sá lórí kẹ̀kẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé oògùn lọ bá àwọn aláìsàn nílé. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n náà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló wà níwájú, yàrá wọn wà lẹ́yìn, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbà wọlé gbà jáde. Ẹ̀rọ ìránṣọ dúdú kan wà níbẹ̀. Òun ni obìnrin yìí fi tọ́ Ìjì dàgbà láti ọjọ́ tí ìyá wọn ti kú. Ẹ fi ẹ̀rọ yẹn sọ́kàn.

2.
Nígbà tó yá, bátìrì kẹ̀kẹ́ Ìjì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lórí òkè. Ló bá lọ bá bàbá tó máa ń bá a tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

Bàbá ní, "Ọmọ mi, wo ara kẹ̀kẹ́ rẹ. Fóòtì mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n kọ síbẹ̀, agbára iná tó ń gbà nìyẹn. Bátìrì tí o máa rà gbọ́dọ̀ bá a mu. Lẹ́yìn náà ni kó o tó béèrè bó ṣe máa gbé ọ jìnnà tó. Gba ṣájà tirẹ̀ gan-an pẹ̀lú rẹ̀ o. Ṣájà tó bá lágbára jù ú lọ, ńṣe ló máa fi oúnjẹ pa á."

Ìjì bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀yin ń kàwé, èmi ń gbé e wò. Èyí tó bá wúwo ni iná kún inú rẹ̀."

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Bí àwọn oníkẹ̀kẹ́ àdúgbò yẹn ṣe ń ra bátìrì nìyẹn. Wọ́n á gbé ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, èyí tó bá fa èjìká wálẹ̀ ni wọ́n á sanwó rẹ̀.

Bàbá dá a lóhùn pé, "Òkúta náà wúwo. Gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ká wò ó bóyá á gbé ọ lọ."

Ìjì ti lọ.

3.
Ọkùnrin kan tẹ́ aṣọ sẹ́bàá títì, ó to bátìrì lé e. Ọ̀rá búlúù ni wọ́n fi wé wọn, kò sí àkọlé kankan lára wọn.

"Wọn ò kọ nǹkan kan sára èyí," ni Ìjì wí.

"Ṣé àkọlé lo fẹ́ gùn ni?"

Ìjì gbé e. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó béèrè ṣájà, ọkùnrin yẹn ní èyíkéyìí tí ẹnu rẹ̀ bá ti wọlé. Ti Ìjì kò wọlé, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wọlé, ló bá yá a.

Ó délé lọ́sàn-án, ó ki bátìrì náà sí iná lẹ́nu ọ̀nà gan-an. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ.

"Àbúrò mi, nǹkan yìí ń rùn bí ike tó ń jóná. Ara rẹ̀ sì ti ń wú. Gbé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, abẹ́rẹ́ lẹ mọ̀, èmi ni mo mọ kẹ̀kẹ́. Ẹ má kọ́ mi níṣẹ́ mi!"

Obìnrin náà na ọwọ́ pé kí òun yọ ọ́. Ìjì gbá ọwọ́ náà dànù. "Mo ní ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Ó sì jáde lọ wẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

4.
Ọṣẹ ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tó gbọ́ "gbàù!" Kó tó sáré dé iwájú, iná ti gba ẹnu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà nínú ilé.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ̀gbọ́n mi o!"

Ta ni yóò gba ibẹ̀ wọlé? Obìnrin náà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó gbé áyọ́ọ̀nù tó fi ń lọ aṣọ, ó fi fọ́ fèrèsé, ó sì fò jáde. Gíláàsì ya ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yánnayànna. Ẹ̀rọ dúdú yẹn jóná. Aṣọ àwọn oníbàárà jóná.

Nígbà tí iná kú, bàbá atúnkẹ̀kẹ́ṣe wá fi igi tú eérú bátìrì náà wò. Yanrìn! Yanrìn ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú àlòkù bátìrì kéékèèké díẹ̀. "Ohun tó fa èjìká rẹ wálẹ̀ rèé," ni bàbá wí. Wọ́n sáré lọ sẹ́bàá títì. Ọkùnrin yẹn ti ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Ìjì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lù mí."

"Kí n fi ọwọ́ wo lù ọ́? Dìde! Iná jó ṣọ́ọ̀bù mi, kò jó iṣẹ́ mi. Mo máa yá ẹ̀rọ. Títí ọwọ́ mi á fi jinná, ìwọ ni wàá jókòó sídìí rẹ̀."

Iwájú ògiri tí iná sọ di dúdú yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ránṣọ dòní, kò kúrò níbẹ̀. Ìka méjì lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Àràárọ̀ ni Ìjì ń bá a fi òwú sábẹ́rẹ́ kó tó gun kẹ̀kẹ́ àyágùn lọ síbi iṣẹ́. Bó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń ta bátìrì, á dúró, á pariwo pé, "Kí ni wọ́n kọ sára rẹ̀? Ṣájà rẹ̀ dà?" Wọ́n ń lé e, ó ń padà wá. Àmọ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà pé kò gbọdọ̀ kan bátìrì, kò lè de bọ́tìnnì lásán mọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ mi. Ẹ ka ara bátìrì kẹ́ ẹ tó rà á. Bí kò bá ní àkọlé, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ẹ má fi ṣájà ẹlòmíràn gba iná sí i, ẹ má sì gba iná sí i lẹ́nu ọ̀nà láéláé. Bó bá ń wú, tó ń rùn, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ẹ sá fún un. Ẹ ti rí i pé kì í ṣe ẹni tó ra yanrìn ni gíláàsì ya lọ́wọ́. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.