Obìnrin Inú Fíìmù

Balùwẹ̀ ni Tinúọlá ti máa ń fọ fíìmù rẹ̀. Bó bá ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé tán, Akíngbadé ọkọ rẹ̀ á jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣí i. Lọ́jọ́ náà, inú òkùnkùn ló wà tó fi ń gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ rọra ń rẹ́rìn-ín níta.

"Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan, ìyàwó mi."

Ó yọ fíìmù kúrò nínú oògùn tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, ó fi omi ṣan án, ó tan iná, ó sì nà án sókè. Àwòrán Akíngbadé tó yà lórí àpáta Ìdànrè ni. Òun àti ọkọ rẹ̀ péré ló gun àpáta náà lọ́jọ́ yẹn. Bí fíìmù ti máa ń ṣe, ohun dúdú ti di funfun, ohun funfun ti di dúdú. Ṣùgbọ́n obìnrin kan di Akíngbadé lọ́wọ́ mú, àwọ̀ tirẹ̀ nìkan ni kò yí padà. Ó dúdú minimini bí ẹni tó dúró níwájú èèyàn, ó sì ń wo Tinúọlá.

Ó kọjú sí ilẹ̀kùn. "Ta ló dúró tì yín lórí àpáta?"

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró níta.

"Ó ti rí wa," ni Akíngbadé wí.

Tinúọlá kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ kan ló fi sọ ọ́, èyí tí Tinúọlá ti gbà láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn pé òun nìkan ló ni ín.