Kí Dùùrù Tó Dákẹ́

"Ẹ parí ẹ ná," ọ̀gá ọlọ́pàá sọ sétí atẹdùùrù. "Obìnrin tó ń kọrin yẹn la wá mú. Àmọ́ ọmọ Vienna lèmi náà: orin ò tíì tán bí dùùrù ò bá tíì dákẹ́."

Akọrin ti kọ ìlà tó gbẹ̀yìn orin Jámánì náà; ó ku ti dùùrù nìkan. Atẹdùùrù tẹ̀ ẹ́ dópin, ó tún padà síbẹ̀rẹ̀, ó sì fojú júwe ilẹ̀kùn ilé ìdáná fún obìnrin náà.

"Ó mà dùn o!" Ọlọ́pàá dijú.

Gbogbo àlejò tó jókòó ní pálọ̀ rí akọrin bó ṣe ń bọ́ bàtà. Kò sẹ́ni tó mira.

Nígbà tí ọlọ́pàá lajú, bàtà nìkan ló kù nídìí dùùrù.

"Ọ̀gá, ó tó. Ẹ gbọ́wọ́ ńbẹ̀," ọlọ́pàá sọ fún atẹdùùrù.

Atẹdùùrù tún padà síbẹ̀rẹ̀.