Ọjọ́ Mẹ́ta fún Ibà Lazare

Ara Lazare ti gbóná fún ọjọ́ méjì kí Ọlọ́runtóyìn, ìyá rẹ̀, tó pọ̀n ọ́n láti Abobo wá sọ́dọ̀ Dókítà Olújídé ní Williamsville. Oṣù kẹfà ọdún 1974 ni, òjò ò dá. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì.

Dókítà tẹ ikùn rẹ̀, ó yẹ etí rẹ̀ wò, ó rọra tẹ orí rẹ̀ síwájú. Lazare figbe ta. Bóyá ọrùn ló ń dùn ún, bóyá ọwọ́ àjèjì ni kò fẹ́. Dókítà ò mọ̀, kò sì díbọ́n pé òun mọ̀.

"Ìyá Lazare, ó lè jẹ́ ibà, ó sì lè jẹ́ àrùn inú ọpọlọ. Ẹ jẹ́ ká fi oògùn ibà dán an wò. Ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́, trois jours, ọjọ́ mẹ́ta péré. Bí ara bá tutù, ibà ni. Bí kò bá tutù, ọsibítù ńlá ni; wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, wọ́n á fa omi wò. Bí gìrì bá mú un, ẹ má dúró dè mí o."

Ọmọ àbúrò Ọlọ́runtóyìn gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn yẹn lọ́dún tó kọjá, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé.

"Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, ẹ fún mi ní ìgò méjì."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà yín pé ọ̀kan lè dànù ni? Ọ̀kan tó. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá pé, á tán."

Ó gba ìgò kan náà. Ẹni tó ń tọrọ ẹ̀mí ọmọ kì í bá dókítà fa ọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta pé, Ọlọ́runtóyìn tún pọ̀n ọ́n padà wá, ara Lazare ṣì ń jó. Dókítà gba ìgò, ó dorí rẹ̀ kodò. Ó gbẹ.

"Ẹ ò fo ọjọ́ kankan?"

"Láàárọ̀, lálẹ́. Ẹ̀kán kan ò dànù, mo fi Ọlọ́run búra."

Dókítà gbà á gbọ́, òótọ́ ló sì ń sọ. Oògùn pé, ara ò tutù. A jẹ́ pé kì í ṣe ibà. Ó kọ lẹ́tà sí ọsibítù ńlá, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n má fún un ní oògùn ibà mọ́.

Ọlọ́runtóyìn kọ́kọ́ yà sílé kó aṣọ. Nimotou, aládùúgbò rẹ̀, ló bá a ṣọ́lé, Georgette, tí òun náà jẹ́ ọmọ ọdún méjì, sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn Nimotou.

"Ìyá Ìbejì, kí ni dókítà wí?"

"Ó ní oògùn ò ràn án," ni Ọlọ́runtóyìn fi omijé dáhùn, "bẹ́ẹ̀ kò sí àárọ̀, kò sí alẹ́ tí n kò da ìdajì ṣíbí sí i lẹ́nu, kí n da ìdajì tó kù sẹ́nu Georgette tí nǹkan kan ò ṣe, torí ta ló máa fún ọ̀kan nínú ìbejì tí èkejì ò ní bínú?"