Pátákó Tí Lìádì Kò Jẹ́ Kí Ọmọ Rẹ̀ Kà Tán

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn, nítorí ìlà kan tí wọn ò kà ló ba ilé kan jẹ́.

“Bàbá, tí ogun bá ti parí, kí ló dé tí àwọn ṣọ́jà ò kó ẹrù wọn lọ?”

Rumaysa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló béèrè bẹ́ẹ̀.

1.
Àlàájì Lìádì, bàbá rẹ̀, lọ ṣe Hájì, kò sì padà sílé mọ́. Kò ní ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú. Orí òkè Nakásà ní Mẹ́kà ni òun, Fáòsíátù ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjì ń gbé. Irin àlòkù ló ń ṣà tà ní Bahra. Ní 1993, ó gbọ́ nípa òkè gbígbẹ kan tí àwọn ṣọ́jà ti kọ́ṣẹ́ ogun nígbà ogun Kùwéétì. Kòtò wọn ṣì wà níbẹ̀, àti wáyà tó ti dípẹtà, àti èèpo ọta ìbọn tó jẹ́ idẹ. Ó mú Rumaysa dání, torí ọmọ náà gbọ́ Lárúbáwá bí onílé.

2.
Pátákó kan wà lẹ́sẹ̀ òkè.

“Bàbá, wọ́n kọ ọ́ pé mamnú...”

“Èèwọ̀ ni, mo mọ̀. Kí ni kì í ṣe mamnú fún wa nílùú yìí? Iṣẹ́, mamnú. Ilé, mamnú. Tí mo bá ń tẹ̀lé mamnú, afẹ́fẹ́ lẹ ó máa jẹ.”

“Ó ṣì kù nísàlẹ̀, Bàbá. Wọ́n tún ní...”

“Dákẹ́! Ṣé ìwọ tí mo bí lánàá ni yóò máa kọ́ mi ní kéwú?”

Rumaysa tẹ̀ lé e gòkè.

3.
“Àlàájì, àwọn ṣọ́jà mà ti ń bá wa se ọbẹ̀!” Bẹ́ẹ̀ ni Fáòsíátù máa ń ṣàwàdà tí idẹ bá wọlé. Lọ́jọ́ kan, ọkọ rẹ̀ gbé irin wúwo kan tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó dé. Fáòsíátù fi í di ilẹ̀kùn mú kí atẹ́gùn má máa gbá a.

Láti ọjọ́ náà, Rumaysa ò fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kọjá mọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá rẹ̀ dì í mú.

“Kí ló ń dẹ́rù bà ọ́, ọmọ mi?”

“Ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ pátákó. Wọ́n ní bọ́ǹbù tí kò tíì bú wà níbẹ̀. Wọ́n ní ká má fọwọ́ kan nǹkan kan.”

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Bàbá ní kí n dákẹ́.”

Ko, ko, ko. Wọ́n yíjú. Abdulmutalib, ọmọ ọdún méjì, ti gun irin náà bí ẹṣin, ó ń fi ṣíbí lù ú.

Fáòsíátù dìde. Ó fi ọmọníka ẹsẹ̀ rìn débẹ̀, ó rọra gbé ọmọ rẹ̀ kúrò.

4.
“Ẹ jẹ́ ká pe ọlọ́pàá, Àlàájì.”

“Kí wọ́n wá bi mí pé ìkámà mi dà? Èmi tí mo gbé e wá, èmi ni n ó gbé e lọ.”

Ó fi aṣọ funfun tó fi ṣe Hájì wé e, èyí tó ní kí wọ́n fi sin òun, ó sì gbé e lọ síbi àfonífojì ẹ̀yìn ilé. Fáòsíátù fi ara bo àwọn ọmọ, ó ń ka Kúlúwalláhù. Kò tíì kà á lẹ́ẹ̀méje tí ilẹ̀ fi mì.

Lìádì ò kú. Ọwọ́ méjèèjì lọ, ojú méjèèjì lọ. Àwọn ọlọ́pàá tó ń sá fún ló gbé e dé ọsibítù.

5.
Tarhíìlì ní Jẹ́dà, níbi tí wọ́n ń kó ẹni tí wọ́n fẹ́ dá padà sílé sí, ni gbogbo wọn bá ara wọn. Ní òru tó kẹ́yìn, oorun ò kun ẹnikẹ́ni.

“Rumaysa, ṣé wọ́n kọ nǹkan sára ògiri?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Kà á fún mi. Kà á tán.”

Ó kà á: ẹ má mu sìgá, ẹ má sùn sẹ́nu ọ̀nà, ẹ má da pàǹtí sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá.

“O ṣeun, ìyá mi.”

Àwọn ọmọ sùn, ìyá wọn sùn, Lìádì ló sùn kẹ́yìn.

Ẹ̀yin òbí, èmi tí mo sọ ìtàn yìí fi ọmú tí mo fún ọmọ bẹ̀ yín: ẹ má gbé ohun tí ẹ ò mọ̀ wọlé. Tí ọmọ yín bá sì ń kàwé fún yín, ẹ jẹ́ kó kà á tán. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè.