Àtàǹpàkò Màámi

Èmi ni mo kọ́ ètò ìdánimọ̀ orí bùlọ́ọ̀kùṣéènì, àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni ò lè yí padà, fáwọn tó ti fẹ̀yìn tì.

Láràárọ̀, wọ́n á tẹ àtàǹpàkò mọ́ fóònù, ẹ̀rọ á sì jẹ́rìí pé wọ́n wà láàyè.

Orúkọ ìyá mi ni mo kọ́kọ́ fi sí i.

Tí mo bá ti rí àmì aláwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn, ọkàn mi á balẹ̀.

Mi ò kì í pè wọ́n mọ́. Iṣẹ́ ò jẹ́.

Lónìí, mílíọ̀nù méjì èèyàn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ètò náà ò mì.

Mo wo ọ́fíìsì yíká. Kò sẹ́ni tí mo lè bá yọ̀.

Mo pe ìyá mi.

"Màámi, ó ti yọrí!"

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ta lẹ̀ ń wá?"

"Èmi ni. Ọmọ yín ni."

Mo gbọ́ tí wọ́n bi nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn pé:

"Ṣé mo bímọ ni?"